Driver tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò àdírẹ́ẹ̀sì DMA: ṣé kí n fi Reviewed-by sí i?

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèFìà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fìà, a ní bọ́ọ̀dù kékeré kan tó ń ka iná tó ń wọlé: ADC (tó ń sọ ìwọ̀n iná di nọ́ńbà) tó so mọ́ SPI0, ọ̀nà tí dátà ń gbà, lára Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi han oníbàárà pé kì í ṣe fíríìjì rẹ̀ ló yarọ, iná ló ń fò sókè fò sódò. Ẹni tí kò bá gbé Òṣogbo rí ló máa béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ló kọ driver rẹ̀, ìyẹn kóòdù tí kernel Linux fi ń bá bọ́ọ̀dù náà sọ̀rọ̀. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi ní C, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi bú wọn. Wọ́n ti wá fi DMA kún un báyìí (ẹ̀rọ tó ń gbé dátà lọ sínú RAM láìgba ọwọ́ CPU), wọ́n sì ní kí n yẹ patch náà, ìyẹn àtúnṣe kóòdù yẹn, wò kí n fi orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò (Reviewed-by). checkpatch.pl, irinṣẹ́ kernel tó ń yẹ bí a ṣe kọ patch wò, kò rí nǹkan kan sọ. Lórí Pi 3 tó wà lórí tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ nìyí (buf ni buffer, ibi tí dátà ń dúró sí nínú RAM; fifo ni rẹ́jísítà SPI tí dátà ń gbà kọjá):

```
buf_bus  = virt_to_phys(buf) | 0xC0000000;
fifo_bus = res->start - 0x3f000000 + 0x7e000000 + 0x04;
```

Kò sí dma_map_single, èyí tí kernel fi ń ṣètò buffer fún DMA, níbì kankan. Mo bi wọ́n, wọ́n ní bí Broadcom, àwọn tó ṣe chip Pi, ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyẹn. Mo ṣí ìwé náà, èyí tí wọ́n ṣe fún BCM2835, chip Pi àkọ́kọ́, òótọ́ ni: ó ní 0x7E ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ́jísítà fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí bus, ó sì ní kí ẹni tó bá ń lo DMA máa fi 0xC0000000 pe RAM. Kí ni mo tún fẹ́ bá wọn jà sí?

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Nígbà míì gíráàfù wa ń fi nǹkan tó ti kọjá hàn mí, àfi bíi pé kò ka tuntun rárá. Èkejì, oníbàárà kan ní Ìgbọ̀nà ti ra Pi 4 onímẹ́mórì 4GB, orí ẹ̀ la sì fẹ́ gbé e sí.

Àkànmú_C:

Àbẹ̀kẹ́, má fọwọ́ sí i.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ kà kì í ṣe irọ́. Wọ́n kàn gbé iṣẹ́ tí kì í ṣe ti driver lé driver lórí ni. Ojú ibi kan náà nínú RAM ní orúkọ mẹ́ta: virtual tí kóòdù wa ń lò, physical tí CPU fi ń bá RAM sọ̀rọ̀, àti bus, ìyẹn bí ẹ̀rọ DMA ṣe ń rí i láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nọ́ńbà ni oníwèé iná mọ̀ ọ́n sí, ilé Alágbẹ̀dẹ ni ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n sí. Tí o bá sọ nọ́ńbà fún ọlọ́kadà, á gbé ẹ débi tó wù ú.

Inú device tree, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ẹ̀rọ fún kernel, ni wọ́n ń kọ ìyàtọ̀ yẹn sí. Ṣí ti Pi 3, bcm2837.dtsi, wo abẹ́ soc:

```
ranges = <0x7e000000 0x3f000000 0x1000000>, ...
dma-ranges = <0xc0000000 0x00000000 0x3f000000>;
```

ranges ń sọ ibi tí CPU ti máa bá rẹ́jísítà pàdé. dma-ranges ń sọ bí DMA ṣe ń rí RAM. Tí o bá pe dma_map_single, èyí kejì yìí ni kernel máa wò, á ṣírò fún ẹ, á sì dá dma_addr_t padà. Gbogbo nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n kọ sínú driver ló ti wà níbẹ̀.

Wá gbé e lọ sórí Pi 4 rẹ. dma-ranges tibẹ̀ gùn tó 0x40000000, ìyẹn 1GB péré. Bí RAM ṣe pọ̀ tó, 1GB ìsàlẹ̀ nìkan ni DMA àtijọ́ wọ̀nyẹn lè dé. Ká ní buffer yín bọ́ sí 0x40001000:

```
0x40001000 | 0xC0000000 = 0xC0001000
```

Ibi tí DMA mọ̀ sí 0xC0001000 ni 0x1000, nísàlẹ̀ RAM pátápátá! Kò ní sí error, dmesg (àkọsílẹ̀ kernel) ò ní sọ nǹkan kan. Dátà ADC yín á kàn lọ jókòó lórí ohun tí ẹlòmíì ń lò, lẹ́yìn náà ni kernel á wá kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Pi 3 ò ní ju 1GB lọ, kò sí buffer tó lè ga tó bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì yín nìyẹn.

Ìlà kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí Pi 4, SPI0 wà ní 0xfe204000 lójú CPU. Yọ 0x3f000000, fi 0x7e000000 kún un, ó di 0x13d204000. Kò wọ inú bíìtì 32. Ohun tó máa ṣẹ́kù ni 0x3d204000, kì í ṣe SPI rárá.

Ti gíráàfù tó ń fi àtijọ́ hàn ẹ: cache, mẹ́mórì kékeré inú CPU, ni mo fura sí. Ìṣirò nìkan ni virt_to_phys ń ṣe. Tí o bá lo dma_map_single pẹ̀lú DMA_FROM_DEVICE, ó ń bójú tó cache pẹ̀lú, kí CPU má baà máa ka ohun tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí DMA ti kọ tuntun sínú RAM.

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèFìà:

Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Mo ti fi kákúlétọ̀ yẹ ìṣirò 0xC0001000 yẹn wò, àyà mi já.

Dev (ẹ̀rọ) wo ni kí n ní kí wọ́n fi sínú dma_map_single? Ti SPI ni àbí ti DMA? Tí buffer bá sì wà lókè 1GB ńkọ́, ṣé á kàn kọ̀ ni?

Àkànmú_C:

Ti ẹni tó ń ṣe gbígbé gan-an. SPI kì í fọwọ́ kan RAM níbí, ẹ̀rọ DMA ni, nítorí náà dev ti channel DMA: chan->device->dev. Ọ̀pọ̀ patch tí mo ń rí ló ń ṣi eléyìí fi sí dev tiwọn.

Tó bá wà lókè 1GB, lórí arm64 (kernel ARM oníbíìtì 64), swiotlb inú kernel á ṣe alárinà: á jẹ́ kí DMA kọ ọ́ sí buffer kan nísàlẹ̀, á sì dà á kọ síbi tí ẹ fẹ́. Ó ń jẹ àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ba nǹkan jẹ́. Tí kò bá ṣeé ṣe, á dá àṣìṣe padà. Nítorí náà, ní kí wọ́n máa pe dma_mapping_error lẹ́yìn map kọ̀ọ̀kan. Tí kò bá sí níbẹ̀, má gbà á.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà:

Bọ̀dá Àkànmú, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un o, kí ẹnì kan má lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé dma_map_resource, tó wà fún àdírẹ́ẹ̀sì rẹ́jísítà, ló máa tún ìlà kejì ṣe. Mo ti ka dma_direct_map_resource nínú mainline 6.6 (kernel Linux gan-an): níbi tí kò bá ti sí IOMMU (ẹ̀rọ tó ń yí àdírẹ́ẹ̀sì padà fún DMA), àdírẹ́ẹ̀sì tí o fún un ló ń dá padà fún ẹ, kì í wo dma-ranges. 0xfe204000 lo máa gbà, DMA yẹn ò sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí spi-bcm2835.c, driver SPI Pi tó wà nínú kernel, ṣe ṣe tiẹ̀: of_get_address ló fi mú reg láti inú device tree láìṣe ìyípadà kankan, ìyẹn 0x7e204000 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó wá fi 0x04 ti FIFO kún un. Kò rẹwà lójú mi, ṣùgbọ́n lórí gbogbo Pi láti 1 dé 4 nọ́ńbà kan náà ni.

Ìbéèrè tèmi gan-an: kí ló dé tí ẹ ń fọwọ́ kan FIFO SPI0 rárá? spi-bcm2835 ti wà nínú kernel. Tí transfer bá tó báìtì 96 tí buffer sì bá a mu, òun fúnra rẹ̀ á lo DMA, kernel á ṣe map, á ṣe unmap. Ẹ kọ driver ADC yín bíi spi_driver, kí ẹ máa pe spi_sync, kí kernel bá yín gbé dátà náà. Ìdajì patch yẹn á pòórá.

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèFìà:

Háà. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè sọ fún wọn. Wọ́n ti fi gbogbo òru ṣe nǹkan yìí pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀.

Àkànmú_C:

Sọ ọ́. Má kọ ọ́ bí ẹni ń dájọ́, fi nọ́ńbà béèrè lọ́wọ́ wọn: "Ẹ̀gbọ́n, tí buffer bá bọ́ sí 0x40001000 lórí Pi 4, ibo ni DMA máa kọ ọ́ sí?" Wọ́n á ṣírò ọ́ fúnra wọn. Ẹni tó kọ́ ẹ ní C ò ní kọ̀ ọ́ tó bá rí i.

Ọ̀rọ̀ spi_sync lè dúró di ìgbà tí ìyẹn bá ti yanjú.

Ọmọ_Ìgbọ̀nà:

Èmi ò gbà pé kó dúró o. Kí ló dé tí wọ́n á fi tún kóòdù tí wọ́n máa pa rẹ́ ṣe?

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèFìà:

Mo ti fi ìbéèrè ti bọ̀dá Àkànmú ránṣẹ́, mo sì fi ìlà dma-ranges Pi 4 sí abẹ́ rẹ̀. Mi ò tíì dárúkọ spi_sync.

Wọ́n ti fèsì: "Gbé Pi 4 yẹn wá lálẹ́, kí o sì kọ kernel tó ní CONFIG_DMA_API_DEBUG sí i kí o tó dé." Ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kernel yẹ bí driver ṣe ń lo DMA wò. Ta ló ní èyí tó ti kọ́ sílẹ̀ fún arm64? Lápútọ́ọ̀bù tèmi á kọ́ ọ di ọ̀la, iná ò sì sí níbí.