Ǹjẹ́ orin àti ijó lè sọ ọmọ àlejò di ọmọ ìlú ní ilẹ̀ Òkun?

Ìbéèrè: Olùkọ́ Ìjùmú

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin àti ijó ìbílẹ̀ ní ìlú kan ní Ìjùmú, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀bìrà láti Òkènè, nínú ìpínlẹ̀ Kogí kan náà, tí wọ́n ti wá dáko sí ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó bí i. Ìlú wa ló ti lọ sí ilé ìwé, èdè Ìjùmú ló sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ. Òun ni ó ń lé orin fún wa. Bí ó bá ti gba agogo, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ìdílé ìlú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n jókòó sẹ́bàá ògiri a máa dìde, wọn a sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, nítorí pé oríkì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Àbújá kò mọ̀ mọ́ ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ètò ọdún iṣu titun bẹ̀rẹ̀, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí ó dúró sẹ́yìn, kí ọmọ onílẹ̀ lé orin níwájú ọba. Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ó lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì ní kí ó lọ gbà á níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Bí a bá ń gbádùn iṣẹ́ ọnà ọmọ yìí, ǹjẹ́ ó tọ̀nà kí a kọ òun fúnra rẹ̀? Níbo ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé?

Amòfin Yàgbà

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ ní abala 318 pé ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan bá jẹ́ ọmọ àwùjọ onílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan ni ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Ìpínlẹ̀ ni òfin náà dárúkọ, kò dárúkọ ìlú. Nítorí náà, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Òkènè jẹ́ ọmọ Kogí gan-an bí èmi àti ẹ̀yin ti jẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí dí i lọ́wọ́ ohun tí ó tọ́ sí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀. Abala 42 náà kò gbà kí ìjọba torí ẹ̀yà tàbí orírun fi ẹ̀tọ́ du ọmọ Nàìjíríà.

Ní ti àṣà, Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 sọ ní abala 27 pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti kópa nínú ìgbé ayé àṣà àwùjọ. Kò ní kí a kọ́kọ́ bèèrè ilé bàbá rẹ̀. Renato Rosaldo, onímọ̀ àṣà ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn tí ó ti Mẹ́síkò ṣẹ̀ wá ní ilẹ̀ náà pé ó yẹ kí èèyàn lè yàtọ̀ ní èdè àti ní ẹ̀yà láìpàdánù ipò rẹ̀ láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n òfin kò lè pàṣẹ fún ìyá àgbà kankan pé kí ó pe ọmọ kan ní ọmọ òun. Ọwọ́ yín nìyẹn wà.

Ahunṣọ Bùnú

Olùkọ́ ọmọ mi, iṣẹ́ aṣọ híhun ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ aṣọ ìpò mọ̀ pé aṣọ pupa ni, tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun lórí òfì tí ó nàró, tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ẹni ńlá, tí a sì ń rí lára egúngún. Òwú pupa inú rẹ̀ kì í ṣe òwú oko wa. Aṣọ òyìnbó ni àwọn ìyá wa ń tú, tí wọ́n sì tún ń fi òwú rẹ̀ hun tiwa, síbẹ̀ kò sí aṣọ tí a kà sí tiwa tó o. Bí ọmọ yẹn ṣe rí lójú mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: bí òkú bá ṣẹ̀ nílé wọn, ṣé ẹgbẹ́ yín máa ń lọ? Bí ìlú bá pe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe, ṣé wọ́n máa ń pe bàbá rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ibi orin nìkan ni ẹ ti ń pè é, ẹ kàn ń lò ó ni. Ẹni tí a bá bá dá owó, tí a bá bá ṣọ̀fọ̀, tí a sì lè bá wí bí ó bá ṣẹ̀, òun ni ọmọ ìlú. Mo mọ̀ pé àwọn ohun kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Obìnrin ni mí, n kì í wọ ìgbàlẹ̀ egúngún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tìtorí ìyẹn sọ pé n kì í ṣe ọmọ Bùnú.

Ọmọ Ọ̀wẹ́ ní Ìbàdàn

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa Òkun ju ẹlòmíràn lọ. Abẹ́ ìjọba Àríwá ni wọ́n fi wá sí láyé àwọn òyìnbó, lẹ́yìn náà Kwárà, kí ó tó di pé wọ́n dá Kogí sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Yorùbá ni mí, Ìbàdàn ni wọ́n sì bí mi sí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọ Kogí sínú fọ́ọ̀mù báyìí, mo di àlejò. Ẹ wo Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ọdún 1951. Òṣogbo ni ó ti di ìlúmọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ àdìrẹ, àwọn ará ibẹ̀ kò sì ní kí ó kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú aró nítorí pé Ìjùmú ni ó ti wá. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí a lè ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn.

Àgbà Ìyàrà

N kò fẹ́ kí a dá ìgbìmọ̀ lẹ́bi kí a tó wádìí. Ipò mìíràn wà tí ó jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo, tí ọmọ onílẹ̀ láti àdúgbò kejì pàápàá kò lè dé. Bí lílé orin níwájú ọba bá jẹ́ irú ipò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì fún un ní àyè mìíràn tí ó níyì. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé èèwọ̀ náà kalẹ̀, ìyẹn kò sì dára.

Olùkọ́ Ìjùmú

Mo dúpẹ́ gidigidi. Bàbá, mo ti wádìí: ipò náà kì í ṣe ti ìdílé kankan. Ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ wá láti Yàgbà ni ó ń lé orin níwájú ọba nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí mo sì máa sọ fún ìgbìmọ̀ nìyẹn. Ìyá mi, a ti kọ orúkọ bàbá ọmọ náà mọ́ ti àwọn òbí tí ẹgbẹ́ ń kàn sí fún ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú. Amòfin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ̀rọ̀ abala òfin méjèèjì sílẹ̀ ní kíkún, kí n lè mú un dání lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.