Lẹ́tà tó wà nínú àpò ṣòkòtò: kí lojú yín rí láàárín ilé ìwòsàn alábọ́dé àti jẹ́nẹ́rà?

Agbẹ̀bí ìgbèríko

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń gbẹ̀bí. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan ni mo bá wá, ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹ̀mí lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ tí àwọn aboyún máa ń wá. Ọmọbìnrin kan dé, oyún àkọ́kọ́, ó ti wọ oṣù kẹjọ. Ó ní orí ń fọ́ òun láti àná, ó sì ń ṣe òun bíi pé iná ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì níwájú òun. Ojú rẹ̀ wú, òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kò ṣeé bọ́ mọ́. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: 170 lórí 110. Mo tún un wọ̀n, kò yí padà. Mo ki ìwé àyẹ̀wò bọ ìtọ̀ rẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, àmì pé purotéènì wà nínú ìtọ̀ náà. Ẹni tó bá ti rí gìrì aboyún rí kò ní dúró béèrè nǹkan míì.

Mo fún un ní abẹ́rẹ́ magnesium sulphate bí ìlànà ṣe wí: gíráàmù 4 díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan, gíráàmù 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ti òsì. Mo kọ lẹ́tà: ohun tí mo rí, ohun tí mo fún un, aago tí mo fún un, nọ́ńbà fóònù mi nísàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá mọ́tò, wọ́n forí lé jẹ́nẹ́rà. Mi ò lè bá wọn lọ. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹlòmíì sì ti ń rọbí ní yàrá kejì.

Ẹnu ọkọ ni mo ti gbọ́ èyí tó kù. Wọ́n ní kó lọ ra káàdì. Ó rà á. Wọ́n ní kí wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ọkàn òun náà ti pòrúúru, lẹ́tà mi wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ká a mọ́ owó. Nígbà tí dókítà dé, ó rí ohun tí mo rí, ó sì ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan náà, odindi, láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti fa oògùn sínú sírínjì tán. Bó ṣe ń tún aṣọ rẹ̀ ṣe ló rí òwú méjì tí mo fi púlásítà lẹ̀ mọ́ ọn ní ìdí. Ó béèrè. Ìgbà yẹn ni ọkọ tó rántí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, oògùn yìí ló ń dá gìrì dúró, ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí náà dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ka bí aláìsàn ṣe ń mí, tí a ń fi òòlù kékeré kan orúnkún rẹ̀, tí a sì ń wo bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ká tó fún un ní òmíràn. Òwú ló yọ obìnrin yẹn.

Ìyá yè, ọmọ yè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo béèrè ìwé tí jẹ́nẹ́rà fún un nígbà tó ń lọ sílé. Kò sí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún un ti tán, kò sì sẹ́ni tó ní kó wá sọ́dọ̀ mi. Mo wọ̀n ọ́n: 150 lórí 100. Ilé rẹ̀ sì rèé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ mi!

Ó dùn mí dé egungun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera ní 1985, ló mú ìtọ́jú alábọ́dé dé àwọn ìjọba ìbílẹ̀, kí aláìsàn lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa kó tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àlọ yẹn la ṣètò. Àbọ̀ ńkọ́?

Mo wọkọ̀ lọ bá mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù wọn. N kò lọ jà. Ìwé tí a fi ń rán aláìsàn ní apá ìsàlẹ̀ tó yẹ kí wọ́n kọ èsì sí, kí wọ́n sì dá a padà. Mo gbé fáìlì tí mo ń kó èsì sí dání, mo ṣí i níwájú wọn: òfìfo. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá mú fóònù, wọ́n ní kí n pe nọ́ńbà mi. Látìgbà náà, kí aláìsàn tó kúrò lọ́dọ̀ mi ni mo ti ń pè wọ́n, lẹ́tà kì í sì í wọ àpò ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ń fi púlásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì aboyún.

Àkọ́bí Bàbá, Ìbàdàn

Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á dá yín sí. Bàbá mi ni tiwa. Dókítà jẹ́nẹ́rà kọ amlodipine fún wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tó yá, owó ọkọ̀ dé jẹ́nẹ́rà wọ́n jù, wọ́n bá lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò. Wọ́n bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò, bàbá ní "funfun róbótó kékeré kan ni." Amlodipine náà ni wọ́n tún kọ fún wọn níbẹ̀, ilé iṣẹ́ míì ló ṣe é, orúkọ gàdàgbà tó wà lára páálí yàtọ̀. Bàbá mi ń lo méjèèjì. Ẹsẹ̀ wọn wú, òòyì ń kọ́ wọn, a ti rò pé kíndìnrín ni. Ọmọbìnrin kan nílé oògùn ló fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ páálí méjèèjì: amlodipine, amlodipine.

Mo ra ìwé ọmọléèwé kan. Mo kọ orúkọ oògùn gan-an sójú ewé àkọ́kọ́. Bàbá fi náílọ́nù wé e, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ló ń sùn. Ibikíbi tí wọ́n bá ti wọ̀n wọ́n, wọ́n á na ìwé sí ẹni náà: "Ẹ bá mi kọ ọ́ síbí."

Ìyá Ìfẹ́dọ̀rẹ́

Mo lóyún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè lọ́dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2009. Wọ́n fún àwa aboyún ní fóònù, òṣìṣẹ́ ìlera sì ń wá wò wá nílé. Mo mọ orúkọ ẹni tí mo máa pè, òun náà mọ tèmi. Mi ò tíì gbàgbé bí ìyẹn ṣe fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Òṣìṣẹ́ yàrá káàdì

Jẹ́nẹ́rà míì ni tèmi, ṣùgbọ́n irú ìjókòó yẹn gan-an ni mo ń jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ màmá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, ẹ̀sìn. Fọ́ọ̀mù wa ní àyè fún ẹ̀sìn, kò ní àyè fún ẹni tó rán aláìsàn wá. Láàárọ̀ yìí mo fi bírò fa ìlà kan sókè fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bi gbogbo ẹni tó bá dé pé, "Ṣé ẹ gba lẹ́tà wá?" Kó tó di ọ̀sán, ẹni mẹ́ta ti fa lẹ́tà yọ. Àárín Bíbélì ni tìyá àgbà kan wà.