Mi ò rí ogun rí, kí ló dé tí ẹ̀rù ogun ò fi mí sílẹ̀?

Ìyá Bọ̀dé, Ìsọlọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti fojú ara yín rí ogun.

Ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì tó kọjá, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ń ti ọjà bọ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò yin báńgà lẹ́yìn wa. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fa ọmọ náà lulẹ̀, mo ti dà bò ó, tòmátì tí a rà ti fọ́n ká gbogbo ojú títì. Nígbà tá a máa dìde, orúnkún rẹ̀ ti bó. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí. Ó ní, "Mọ́mì, ogun wo lẹ jà rí?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mi ò ja ogun kankan, mi ò sì rí ogun rí. Ọdún 1985 ni wọ́n bí mi. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní Oṣù Kìíní 1970, bàbá àti ìyá mi ò tíì mọra.

Ohun tí mo rí ni ti ọjọ́ 27 Oṣù Kìíní 2002. Ọjọ́ Àìkú ni. Máfolúkù là ń gbé nígbà náà, ó ń lọ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mò ń lọ yúnífọ́ọ̀mù tí mo máa wọ̀ lọ síléèwé lọ́jọ́ kejì. Ìró àkọ́kọ́ dún, gíláàsì fèrèsé wa rọ́ wálẹ̀. Èkejì dún, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Màmá mi wà ní ilé ìjọsìn, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, mo sá jáde.

Gbogbo àdúgbò ti wà níta. Ojú ọ̀run lápá Ìkẹjà ti pọ́n. Ẹnì kan ní sójà ló fẹ́ gbàjọba. Ẹlòmíì ní ogun ni, pé wọ́n ń ju bọ́ǹbù láti òkè. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé báwo lo ṣe mọ̀. Ìyá tó ń din àkàrà níwájú ilé wa ò ráyè sọ epo kalẹ̀. Mo ṣì ń gbọ́ bí epo náà ṣe ń hó bí mo ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìdílé ń sá, àwọn míì ò wọ bàtà, ibi tí èrò bá kọrí sí náà ni gbogbo wa ń kọrí sí. Bí ìró kan bá ti dún, ẹsẹ̀ á tún yá sí i.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Òkè-Àfà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé kánààlì kan wà níbẹ̀. Ewéko ti bo ojú omi náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi pápá. Àwọn tó wà níwájú rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì wọ́n. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbí.

Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, bọ́ǹbù ò kàn wọ́n rárá, omi ló gbé wọn, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Iná ló ràn mọ́ ibi tí wọ́n kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà. Kò sí ọ̀tá. Kò sẹ́ni tó ń lé wa. Síbẹ̀ èèyàn kú bí ẹni pé ìlú kan ló gbógun ti ìlú kejì. Ẹ bá mi wò ó: ṣé ogun ló ń bí ẹ̀rù ni, àbí ẹ̀rù ló ń bí ogun? Kí ni kí n sọ fún ọmọ mi?

Àdùkẹ́ Ṣómólú

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á.

Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà náà, ní Ṣómólú. A gbọ́ ìró náà níbẹ̀. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn, ó gbé àga sẹ́nu rẹ̀, ó jókòó, ó gbé rédíò sórí itan. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní jáde títí rédíò á fi sọ̀rọ̀. Ìyá mi ń bẹ̀ ẹ́, àwọn ará ilé ń kanlẹ̀kùn pé ṣé ó fẹ́ kí ilé wó pa ọmọ rẹ̀ ni. Ó ń gbọ̀n o, mo rí i, ọwọ́ tó fi di rédíò yẹn mú ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n kò dìde. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Lọ́jọ́ yẹn, ìró ni gbogbo Èkó gbọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè yín ní ojo.

Bàbá Èbúté Mẹ́ta

Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti lé ní ẹni 70 ọdún, ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Keje 1967. Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú rí.

Nínú ilé wa, Ọ̀gbẹ́ni kan tó jẹ́ Ígbò ń gbé yàrá méjì nísàlẹ̀. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ló ń tà. Ìyàwó rẹ̀ àti ìyá mi ń yá ara wọn ní iyọ̀, wọ́n ń bá ara wọn gbé ọmọ pọ̀n. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ní Èkó. Ṣùgbọ́n ní 1966, ìròyìn bí wọ́n ṣe ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òkè Ọya ń dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sùn pẹ̀lú aṣọ ìrìn lára. Ní òru ọjọ́ kan wọ́n di ẹrù. Ó fún bàbá mi ní kọ́kọ́rọ́. Ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà o. Ẹ̀rù ti kó ìdílé kan lọ ní ilé wa kí ìbọn kankan tó dún.

Ọ̀tọ̀ lèyí tó dùn mí jù. Ní Oṣù Kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra rékọjá odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n ń bọ̀ lọ́nà Ọ̀rẹ̀. Gbogbo Èkó ń sọ pé ọ̀la ni wọ́n máa wọlé. Ọkọ̀ òfuurufú wọn dé òkè Èkó gan-an, ọ̀kan tiẹ̀ bú gbàmù lójú ọ̀run níbí ní Oṣù Kẹwàá. Nínú ilé wa, a fi aṣọ bo fèrèsé lálẹ́, a ò sì tan fìtílà. Nínú òkùnkùn yẹn ni ìyá mi ti kọ́kọ́ sọ ọ́: kí ló wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa yẹn? Ṣé kì í ṣe bọ́ǹbù ni wọ́n fi síbẹ̀? Ìyá mi kan náà tó ń yá wọn níyọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò jẹ́ kí àwa ọmọ kọjá níwájú yàrá náà mọ́. Ó ní kí bàbá mi lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Bàbá mi ò lọ. Ó ṣí yàrá náà lójú gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, bàtà ọmọdé.

Ní 1970 ọkùnrin náà padà, ó gbẹ bí igi. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ò bá a bọ̀. Bàbá mi gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, kò sí ohun tó sọnù nínú yàrá náà. Ìyá mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ó se oúnjẹ fún un fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó ń rán mi lọ gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ fún un rárá, títí ó fi kú.

O béèrè èyí tó ń bí èkejì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ìbọn kankan nínú ilé wa, síbẹ̀ ìyá mi ti múra tán láti fa aládùúgbò rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ogun, irú obìnrin rere bẹ́ẹ̀ ló ń gbà á láyè.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ ṣeun Bàbá. Ìyá Bọ̀dé, ẹ wo orúkọ tí àwọn bàbá wa níbí sọ ogun 1851: Agídìngbì. Ìró ìbọn ńlá nìyẹn. Wọn ò fi orúkọ ọba pè é, wọn ò fi ti ìlú pè é. Kírìjì náà, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn lórúkọ rẹ̀. Etí ló rántí ogun jù. Nítorí náà báńgà tó dá yín wó, kò yà mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun kan tí wọn kì í sọ tó. Ní Oṣù Kọkànlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ wá, Ọba Kòsọ́kọ́ lé wọn padà. Ní ìparí Oṣù Kejìlá wọ́n tún padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun, wọ́n fi ìbọn ńlá lu ìlú, ilé jó, Kòsọ́kọ́ sá, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Gbogbo wa mọ ìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún 10, ní Oṣù Kẹjọ 1861, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ló wà lórí oyè. Ọkọ̀ ogun kan, Prometheus, dúró sínú omi, wọ́n ní kí ọba fọwọ́ sí ìwé pé òun fi Èkó lé ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á lu ìlú náà. Dòsùnmú kọ́kọ́ kọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ó fọwọ́ sí i. Ilé kan ò jó lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ti gbọ́ Agídìngbì ṣì wà láyé, ìró rẹ̀ ò tíì kúrò létí wọn, ìyẹn tó. Ogun ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀rù rẹ̀ jà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì yìí ló sì gba ilẹ̀.

Sájẹ́ńtì Ìkòròdú, ó ti fẹ̀yìn tì

Mo wà ní Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ láti pẹ̀tù sí ogun ibẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá 1992, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, kọlu Monrovia, olú ìlú wọn, mo wà níbẹ̀.

Lára àwọn tó ń yìnbọn sí wa, ọmọdé ni wọ́n. Wọ́n dé wíìgì, ẹlòmíì wọ aṣọ ìyàwó. Kí ẹ̀rù lè bà wá ni, ó sì bà wá, mi ò ní purọ́. Ìgbà kan a mú ọ̀kan, kò lè ju ọmọ Ìyá Bọ̀dé lọ. Mo fún un lómi, ehín rẹ̀ ń lu ife. Ó ní bí òun ò bá yìnbọn, ọ̀gá òun á pa òun. Ẹ̀rù ń ba àwa, ẹ̀rù ń ba òun, ẹ̀rù ń ba ọ̀gá rẹ̀ náà níbi tó wà. Gbogbo wa sì ń yìnbọn.

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́ ló burú. Ẹni tí ẹ̀rù kì í bà láàárín wa kì í pẹ́ kú, ó sì máa ń pa ẹlòmíì mọ́ ara rẹ̀. Ohun tó ń pa ọmọ ogun ni kí gbogbo wọn máa sá nítorí pé ẹnì kan ń sá. Mo ti rí i. Ẹnì kan á yí ẹ̀yìn padà, ẹni tó tẹ̀lé e á yí, ká tó wí, ọgọ́rùn-ún èèyàn ti ń sá fún ohun tí wọn ò rí. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tó ń dá a dúró ni kí ẹnì kan dúró, kó dojú kọ wọn, kó pariwo.

Àbúrò mi, ẹ ní ẹ dé etí kánààlì. Ẹ ò bọ́ sí i. Ta ló dá yín dúró?

Ìyá Bọ̀dé, Ìsọlọ̀

Ọ̀gá Sájẹ́ńtì, mo ka ìbéèrè yín láàárọ̀, mi ò lè ránṣọ kankan ní ṣọ́ọ̀bù títí di ọ̀sán.

Obìnrin kan ni. Atẹ búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, atẹ lásán, gbogbo búrẹ́dì ti dànù. Ó kẹ̀yìn sí omi, ó dojú kọ wá, ó ń pariwo, "Omi ni! Omi ni!" Ohùn rẹ̀ ti há. Èèyàn ń gbá a lulẹ̀, ó ń dìde. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi atẹ náà dí mi láyà. Mo bú u. Mo bú u dáadáa, èmi ọmọ ọdún 16, pé kó jẹ́ kí n kọjá. Ó gbá mi létí, ó tì mí jókòó sílẹ̀. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti rí ọwọ́ tó ń jáde láàárín ewéko.

Ó ti fi mí sílẹ̀, ó ti ń dí ẹlòmíì lọ́nà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá òun náà délé. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ yìí mo pe Bọ̀dé jókòó, mo sọ ọ́ fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ta ló sanwó búrẹ́dì rẹ̀ tó dànù.