Báwo la ṣe lè mú kí gbogbo ilé máa san owó akólẹ̀?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Bàsírì l'Ádó-Èkìtì ni mò ń gbé, èmi ni akápò ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa. Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ ọ̀dọ̀ wa. Bí òjò bá ti ṣú, àwọn kan á da pàǹtí sí gọ́tà. Àwọn mìíràn ń dáná sun ún lálẹ́, èéfín ọ̀rá yẹn kì í jẹ́ kí ọmọ mi sùn. Ọkùnrin kan tó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti gbà láti máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 2,000 náírà lóṣù fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, gbogbo àwọn tó wá ló nawọ́ pé àwọn gbà. Nígbà tí mo wá ń gbowó káàkiri, ilé mẹ́ta péré ló san. Ṣé owó náà ló pọ̀ ni? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì: Àǹtí mi, ta ló wá sí ìpàdé yẹn? Onílé ni. Ta lẹ wá lọ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀? Ayálégbé ni! Ẹni tí wọn ò bi léèrè lẹ ń bèèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ á máa wá, kí ẹ tó wá bi wọ́n pé: “1,000 ńkọ́? 1,500 ńkọ́?” títí ẹ ó fi mọ ibi tí agbára wọn mọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní lè sọ iye yẹn láàárín èrò.

Adé: Èmi ò fara mọ́ 2,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Opó tó ń dá gbé yàrá méjì àti ilé oníyàrá mẹ́wàá tí wọ́n ń gún iyán lójoojúmọ́, ṣé pàǹtí wọn dọ́gba? Iye ibi ìdáná tó wà nílé kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kà, kí ẹ fi dá owó lé wọn. Kí wọ́n sì ya èèpo iṣu sọ́tọ̀ fún ewúrẹ́, àpò pàǹtí á fúyẹ́.

Bàbá Tíṣà: Ẹ̀yin ọmọ mi, ìjọba ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ wọn kọ́ ni?

Adé: Iṣẹ́ wọn ni, Bàbá, kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wọn. Ṣùgbọ́n eku ò ní dúró de èsì. Ibà Lassa tó ń yọ àwọn ará Oǹdó lẹ́nu, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lára oúnjẹ ló sábà máa ń kó o ranni, ààtàn ẹ̀yìnkùlé sì ni eku ti ń jẹun.

Oníṣòwò Ọjà Bísí: Ẹ bi ọlọ́kẹ̀kẹ́ léèrè ibi tó ń da á sí o! Bí kò bá dé ààtàn Ìlókùn, inú odò ló máa dà á sí, ilé ẹlòmíràn lomi á sì ya wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ bá wọn san owó oṣù àkọ́kọ́ ná. A ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi fi ojú ara wọn rí kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń bínú tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé àpò síta.

Akápò: Ẹ ṣeun gan-an, ayálégbé ló pọ̀ jù lóòótọ́. Lọ́la màá bẹ̀rẹ̀ láti ilé tiwa, màá ka iye ibi ìdáná. Màá sì tẹ̀ lé ọlọ́kẹ̀kẹ́ yẹn dé Ìlókùn kí n tó tún gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.