Kí ni a lè ṣe kí kíráùn àti ihò eyín tí wọ́n dí má tètè bàjẹ́?

Àkànní_Tàkíé: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe root canal (wọ́n yọ iṣan inú eyín kúrò, wọ́n sì dí ibẹ̀) sí eyín ẹ̀yìn kan fún màmá mi, wọ́n sì dé kíráùn, ìyẹn ìbòrí bí adé, lé e. Wọ́n tún fi ohun ìdíyín tó ní àwọ̀ eyín dí ihò méjì níwájú. Báwo ni wọ́n á ṣe pẹ́? Pákò àti obì kì í kúrò lẹ́nu Màmá.

Olóyìn_Akẹ̀sán: Ẹ kú ìnáwó o. Kíráùn kì í jẹrà, eyín abẹ́ rẹ̀ ló ń jẹrà. Etí ibi tí kíráùn ti pàdé eyín, lẹ́bàá ẹran ìdí eyín, ni ìdọ̀tí ti ń ráyè wọlé. Eyín tí wọ́n ti ṣe root canal sí kò ní iṣan tó lè ta á lólobó mọ́. Ó lè jẹrà títí kíráùn á fi já bọ́, kí Màmá má mọ nǹkan kan lára. Nítorí náà, kí wọ́n má dúró de ìrora kí wọ́n tó lọ jẹ́ kí dókítà eyín yẹ̀ ẹ́ wò.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n lò, kí irun rẹ̀ dagun sí etí yẹn, ìṣẹ́jú 2 láàárọ̀, ìṣẹ́jú 2 kí wọ́n tó sùn. Ẹ wo ara páálí ọṣẹ ìfọyín: 1,000 sí 1,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan) ni kí flúóráìdì rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, jẹ́. Tí wọ́n bá ti tu ìfófòó dànù, kí wọ́n má fi omi yọ ẹnu, torí omi ló ń fọ flúóráìdì lọ. Àárín eyín, òwú ìfọyín ló ń débẹ̀. Bí òwú bá ń ya lójú kan náà ṣáá, etí ibẹ̀ kò dán, kí dókítà tún un ṣe.

Pákò kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ni kí wọ́n ti máa rún un. Kí wọ́n má sì fi agbára ha ìdí eyín. Ẹran rẹ̀ á fà sẹ́yìn, gbòǹgbò á yọ síta, ibẹ̀ sì rọ̀ ju ojú eyín lọ.

Abọ̀dé_Wázò: Obì á pa àwọ̀ èyí tí wọ́n dí níwájú dà. Orógbó, eegun àti gúgúrú tí kò bẹ́ ló ń fọ́ kíráùn. Òkúta inú ẹ̀wà burú jù, torí ẹnu kì í retí rẹ̀: ẹ ṣà á dáadáa lójú ìmọ́lẹ̀.

Ẹ bi Màmá bóyá kíráùn yẹn ń kan eyín òkè tàbí ìsàlẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ga jù. Kí wọ́n padà lọ lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà á ní kí wọ́n gé bébà aláwọ̀ jẹ, á rí ojú tó ga, á sì fá a díẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń payín keke lójú oorun, kí wọ́n béèrè fún ike tí wọ́n ń fi bo eyín sùn.

Àkànní_Tàkíé: Ẹ ṣeun gan-an. Tí kíráùn náà bá yọ ńkọ́?

Olóyìn_Akẹ̀sán: Ẹ wo inú rẹ̀. Bí eyín bá ṣẹ́ sínú rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi sínú ike kékeré, kí ẹ mú un lọ láàrin ọjọ́ mélòó kan, torí àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ lè sún, kíráùn ò sì ní wọlé mọ́. Ẹ má fi súpà gúlúù lẹ̀ ẹ́ o. Kí Màmá má sì dé e padà sùn, ó lè bọ́ sí ọ̀nà èémí.