Ẹnu, ojú àbí etí? Irin tó ń gé ilẹ̀ lábẹ́ gíréédà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ṣágámù ní kí a máa pe irin gbọọrọ tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ìsàlẹ̀ bíléèdì (irin fífẹ̀ tó ń gbá yẹ̀pẹ̀) gíréédà tó ń ha ọ̀nà àti ti katakata tó ń ti yẹ̀pẹ̀ ní "etí-ìgé", kí a sì máa pe àtúnṣe rẹ̀ ní "pípọ́n". Ẹlòmíràn ní "ojú" ló yẹ, ó fi "ojú idà" inú Bíbélì gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Etí aṣọ, etí odò, etí àwo: ibi tí nǹkan parí sí là ń pè bẹ́ẹ̀. Etí kì í gé nǹkan. "Ojú" sàn díẹ̀, àmọ́ bíléèdì ti ní ojú tirẹ̀, ìyẹn irin fífẹ̀ tó tẹ̀, tí yẹ̀pẹ̀ ń yí gbirigbiri níwájú rẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ wo ojú, èwo ni kó wò? Ẹnu ni kí ẹ jẹ́ ká mú. Ẹnu àdá, ẹnu ọ̀bẹ: kò sí ẹni tí a máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ti "pípọ́n" yẹn ló dùn mí jù. Ta ló ń pọ́n ẹnu gíréédà? Èyí tó ń ha ọ̀nà oko lórí yangí lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó kò wá ẹnu tó mú bí abẹ. Irin tó nípọn, tó sì le ló ń wá. Yangí á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ irin yìí ló ní ẹnu lókè àti nísàlẹ̀. Bí tìsàlẹ̀ bá jẹ tán, wọ́n á tú u, wọ́n á yí i, tòkè á bọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo pe ìyẹn ní "pípa ẹnu dà". (Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ó jọ ti olóṣèlú.)

Bí ẹnu kejì náà bá jẹ, "pípààrọ̀ ẹnu" ló kù, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Orí bóòtù rẹ̀ rì sínú irin kí ilẹ̀ má baà tètè jẹ ẹ́, ọrùn rẹ̀ ní igun mẹ́rin kó má baà máa yí. Tí nọ́ọ̀tì bá ti dípẹtà, sípánà ò ràn án mọ́, iná gáàsì ni jórinjórin fi ń gé e.

Lára katakata tó ń ti yẹ̀pẹ̀, irin ọ̀tọ̀ ló máa ń wà ní igun méjèèjì, torí igun máa ń yá jẹ ju àárín lọ. Ibẹ̀ ni mo gbà fún ẹ̀gbọ́n: ẹ jẹ́ ká pe àwọn yẹn ní etí.

"Jíjó ẹnu" tún yàtọ̀. Ìyẹn ni kí wọ́n jó irin mọ́ ibi tó ti jẹ, tàbí kí wọ́n jó ìpele líle lé e lórí kó lè pẹ́. Irin líle báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iná yá a kí wọ́n tó jó o, kí elekitiródù, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń jó o, sì gbẹ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irin náà á sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjó. Ẹni tó ní ká pe èyí ní "rírọ" ti gbàgbé pé alágbẹ̀dẹ a máa lù ú. Jórinjórin kì í lù ú.

Ní ti irin ṣóńṣó-ṣóńṣó ẹnu ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wà á ti ń pè é ní eyín kí àwa tó dé.