Nǹkan oṣù àbúrò mi dúró látìgbà tó ti ń lo risperidone, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Risperidone ni wọ́n fún àbúrò mi obìnrin nítorí àìsàn ọpọlọ, ó sì ṣiṣẹ́ gan-an, ó ń sùn dáadáa, kò gbọ́ ohùn kankan mọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù ẹ̀ ti dúró, omi ọmú sì ń jáde, tíṣù ló máa ń ká sínú kọ́mú kó má bàa hàn lára aṣọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò lóyún. Dókítà ní prolactin ẹ̀, ìyẹn èròjà ara tó ń mú kí ọmú ṣe omi, ló lọ sókè, pé oògùn yẹn ń dí dopamine, èròjà inú ọpọlọ tó yẹ kó máa mú prolactin wálẹ̀, àti pé tobìnrin sábà máa ń lọ sókè ju tọkùnrin lọ. Lóòótọ́, ó ń ṣe ọkùnrin náà o, àyà lè máa wú, nǹkan ọkùnrin lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Tó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè ba eegun jẹ́. Ó fẹ́ dá oògùn náà dúró fúnra ẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dán an wò, torí ẹ̀rù ń bà mí kí àìsàn yẹn má padà. Ẹ̀yin tí wọ́n ti yí tiyín sí aripiprazole, oògùn àìsàn ọpọlọ mìíràn, tàbí tí wọ́n fi kún un, ṣé nǹkan oṣù padà wá? Ṣé ara ṣì balẹ̀? Kí ni kí n bi dókítà tá a bá padà lọ?